Ohùn Màmá Kò Tíì Dé Dísíìkì

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n jẹ́wọ́ rẹ̀: ẹ̀rù kọ̀ǹpútà ń bà mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni mo fi ń jẹun.

Lọ́sàn-án, ní Odo-Oro, Màmá ka ààlà oko kòkó wa fún mi, igi sí igi, mo sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọn nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní, "Mo ti sọ ọ́ tán o. Máa gbé e lọ ulé rẹ. Ẹni tó bá tún fẹ́ bi mí, kó lọ bi òkú!"

Nígbà tí mo délé, mo da ohùn náà sórí dísíìkì, mo sì ti dísíìkì náà sí kíkà nìkan, kí ẹnikẹ́ni má baà pa nǹkan rẹ́. Mo wá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lódindi. Lórí ti àkọ́kọ́, Màmá ń sọ̀rọ̀. Lórí ẹ̀dà, kò sí ohun tó jọ ọ́.

Mo pe Dàpọ̀, àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà n'Íbàdàn.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má pa ẹ̀rọ náà o! Ẹnu ẹ̀rọ, ìyẹn inú ìrántí rẹ̀, ni ohùn náà ṣì wà, kò tíì gbé e mì. Ohun tí ẹ̀ ń gbọ́ yẹn ò tíì dé dísíìkì rárá."

Iná sì ń ṣẹ́jú. Mo yára tẹ àṣẹ tó pè fún mi, pé kí ẹ̀rọ ṣí dísíìkì tí mo tì, kó sì da gbogbo ohun tó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ sórí rẹ̀. Mo tún ṣe ẹ̀dà mìíràn.

Màmá sọ̀rọ̀! Ìrókò, obì, gbogbo rẹ̀ pé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Ṣé ó yẹ kí n ti mọ̀ ni, àbí...

Lọ́la, màá gbé ẹ̀dà yìí lọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Iye, kí ohùn Màmá má baà wà nílé kan ṣoṣo.