Ọ̀rọ̀ Tí Ẹ Sọ sí Etí Ọ̀tún Mi

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ń gbọ́ràn. Lóṣù tó kọjá ni àwọn dókítà so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ eegun ẹ̀yìn etí ọ̀tún mi, níbi tí wọ́n ti gé jẹjẹrẹ yẹn kúrò nínú etí àti agbárí nígbà ayé yín. Ihò etí náà ti dí pátápátá. Eegun ló ń gbé ohùn wọlé. Gbogbo ohùn ló ń dún bíi páànù. Ní kíláàsì mi n'Íkẹ́rẹ́, mo gbọ́ bí ṣọ́ọ̀kì ṣe ń ha pátákó, mo sì bú sẹ́kún níwájú àwọn ọmọ.

Láti ìgbà tí wọ́n ti gé jẹjẹrẹ náà, apá òsì mi tó ń gbọ́ràn ni ẹ máa ń gbé àpótí yín sí. Bí ẹ bá ti oko kòkó dé, ẹ ò ní tíì mu omi, ẹ ó ti jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ kú, apá ọ̀tún ni ẹ ti fà mí mọ́ra. Ẹ sọ̀rọ̀ pẹ́. Èémí yín gbóná létí mi, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó yẹ kí n yí orí. Ẹ̀rù bà mí, mo kàn ń mi orí pé mo ti gbọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sì dijú.

Kí ni mo gbà fún yín, Bàbá? Ṣé ẹ gbàgbé ni, àbí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ bá etí tó dí sọ̀rọ̀?

Màámi bi mí ohun tí ẹ sọ. Mo parọ́. Mo ní ẹ ní kí n bá yín dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń tu ara wọn nínú láti ọdún kan. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, wọ́n fi jẹ́rìí níwájú ìjọ. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan. N kò lè gbójú sókè.

Nígbà tí a délé, bí wọ́n ṣe ń bẹ iṣu lọ́wọ́, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ọwọ́ wọn ò dúró.

“Mo mọ̀,” ni wọ́n wí. “Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ulé bàbá rẹ, ẹnu rẹ̀ ò sọ ‘o ṣé’ sí mi rí.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n sún mọ́ mi.

“Dákẹ́. Tún un sọ.”

Mo tún ọpẹ́ yẹn sọ, Bàbá. Wọ́n dijú, wọ́n ń gbọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò gbọ́ yín.