Lórí Ikú Ọ̀gbẹ́ni Ephraim Ọlábímtán àti Ilẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé Rẹ̀

Ẹgbẹ́ Awádìí Abẹ́ Ilẹ̀, Apápá
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, 1996

Sí Ìyáàfin Morádéún Ọlábímtán àti gbogbo ẹbí, Ajégúnlẹ̀.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn ni a fi ń kọ ìwé yìí sí yín, ìbẹ̀rù sì wà nínú rẹ̀ tí a kò ní fi pamọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ephraim, ọkọ yín, fi wá sílẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kòtò tí a gbẹ́ sí Malu Road wó lù ú. Àwa ni a ní kí ó wọ̀ ọ́, kí a lè fojú rí ohun tí ẹ̀rọ wa ti fi hàn nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì wá.

Ọdún mọ́kànlá ni ó fi ti ẹ̀rọ ráda, èyí tí ń ya àwòrán abẹ́ ilẹ̀, káàkiri orí ilẹ̀ bí ẹni ń ti ọmọlanke, tí ó ń wá ibi tí ilẹ̀ ti ya nísàlẹ̀, nítorí irú ibẹ̀ ni ìmìtìtì tàbí rírì ilẹ̀ ti ń ṣọṣẹ́. Òun ni ó rí irú ìyapa bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Tin Can Island. Wọ́n pè é ní wòlíì abẹ́ ilẹ̀, wọ́n fi ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀ títí àwọn òṣìṣẹ́ fi jáde. Ní ọjọ́ kẹta, ilẹ̀ ilé náà rì. Ẹnikẹ́ni kò kú.

A gbọ́ pé àwọn àgbà ẹbí fẹ́ sin ín sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. A mọ iyì tí ó wà nínú kí á sin bàbá sínú ọgbà ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Okechukwu, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tú àpò ọkọ yín, ó bá àwòrán abẹ́ ilẹ̀ ilé yín níbẹ̀. Ọkọ yín ni ó yà á lọ́jọ́ Àìkú kan tí ẹ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀ ti ya láti ẹsẹ̀ ògiri ilé ìdáná dé ojú oórì bàbá rẹ̀, ihò sì ti wà nísàlẹ̀. Ó fi bírò kọ ọ́ sí etí ìwé náà pé: “Mi ò tíì lè sọ fún Morádéún. Ẹ̀rù ń bà mí.”

Ẹ̀rù ń ba àwa náà. Ẹ má jẹ́ kí ọkọ́ kan ilẹ̀ yẹn. Ẹ má sì gba àwọn tó ń wá kí yín síbẹ̀. A ti wá ilẹ̀ fún un ní itẹ́ òkú, a sì ti pèsè ilé fún yín ní Apápá, kí ẹ lè tètè kó kúrò nínú ilé yẹn. Okechukwu yóò gbé ẹ̀rọ wá láàárọ̀ ọ̀la kí àwọn àgbà lè fojú ara wọn rí i.

Kí Ọlọ́run tí ó fìdí ayé sọlẹ̀ tù yín nínú. Kí ó sì bá wa di ilẹ̀ ibẹ̀ mú títí ẹ ó fi kó àwọn ọmọ jáde.

Doris Ọládòṣù
Akọ̀wé Ẹgbẹ́