Ó Ti Sọ̀ Kalẹ̀ n'Ìyànà-Ìbà

Olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́.

Èmi àti Mùsítúrà, ará ilé mi l'Ókokomáíkò, la jọ wọ oṣù kẹsàn-án oyún. Àwọn ọkọ wa wà lẹ́nu iṣẹ́ níbi títì tuntun tí wọ́n ń là, la bá ṣèlérí pé ẹnì kankan ò ní dá rọbí. Ọjà ni mo wà tí ìrọbí fi mú un, ló bá wọ bọ́ọ̀sì lọ ọsibítù. Bí mo ṣe gbọ́, mo sáré dé garéèjì. Kọ̀ndọ́kítọ̀ bọ́ọ̀sì náà, tó ti padà dé, ní, "Aboyún yẹn? Ó ti sọ̀ kalẹ̀ n'Ìyànà-Ìbà."

Lẹ́nu kọ̀ndọ́kítọ̀, kí lẹ̀yin ì bá rò? Mo ní ó bọ́ sílẹ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀ níbẹ̀, mo bá padà. Àṣé inú bọ́ọ̀sì ló bímọ sí, tó ń pariwo orúkọ mi!

Kò dá mi lóhùn mọ́. Ẹ̀yìn sì ti ń ro mí látàárọ̀. Ṣé kí n kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ni, àbí kí n dá wọ bọ́ọ̀sì?