Ohun Tó Ń Mu Epo Bọ́ọ̀sì Bàbá Rẹ

Ìdí-Ọsàn, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Abdulrauf ọmọ mi, Àlàó mi,

Báwo ni ilé, báwo ni iṣẹ́, báwo ni ìyàwó mi Labeebah, báwo ni Aliyah ọmọ wa, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Báwo ni Ìkòsí níbẹ̀ yẹn, báwo lẹ ṣe ń bá òjò ọdún yìí yí, ṣé omi ò tíì wọ yàrá yín? Ọlọ́run tó jí mi tí mo fi rí ìwé yìí kọ yóò máa jí ẹ sí ire, yóò máa pa ẹ́ mọ́ lójú títì, àwọn tó ń bá ẹ rajà ò ní lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ṣe àmín kí o tó kà á lọ, torí mo mọ̀ ẹ́, o máa ń fo ibi àdúrà láti wá ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Mo ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé nítorí fóònù yìí ò ní sùúrù rárá, bí mo bá ti ṣàdúrà dé ìdajì báyìí, obìnrin kan á já lu ọ̀rọ̀ mi, á ní owó inú rẹ̀ ti tán, mi ò sì mọ ohun tí mo fi ṣẹ obìnrin náà. Dírẹ́bà tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Mile 12 ni mo fi rán, fún un ní omi tútù mu tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ara wa le níbí. Ewúrẹ́ dúdú tí o rà fún mi ti bí ìbejì, Lemọ́mù ní kí n ta ọ̀kan, mo ní ó dìgbà tí o bá wá wò wọ́n. Wọ́n ti ri òpó gogoro kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé, wọ́n ní ti fóònù ni, àwa àgbà obìnrin sì máa ń lọ jókòó sábẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè kán sí wa lára dáadáa. Láti ìgbà náà, ọ̀kan nínú orúnkún mi ti fúyẹ́ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì bàbá rẹ ló jẹ́ kí n mú bírò. O ránṣẹ́ pé bí oṣù yìí bá parí o máa tà á, pé epo bẹntiróòlù tó ń mu ti ń jẹ gbogbo èrè orí ata tí ò ń kó láti Mile 12 lọ fún àwọn ìyá ọlọ́jà l'Alápẹ̀rẹ̀ àti Gbàgádà, pé o máa kúkú lọ wa ọkọ̀ fún ẹlòmíràn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi mọ́. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ pé ìyà ń jẹ ẹ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ń bọ̀ nílé, tí mo gbọ́ ìró bọ́ọ̀sì yẹn láti ìsàlẹ̀ odò, ara mi á ti dìde láti lọ gbé omi ìwẹ̀ kaná fún Ṣàràfá bàbá rẹ kí n tó rántí pé ó ti kú. Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ rẹ ò ní máa wà á kọjá lójúde mi.

O ní àwọn kan ní kí o sọ ọ́ di èyí tó ń lo gáàsì, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n máa fi ṣe é ò sí lọ́wọ́ rẹ. Mo dúpẹ́ pé kò sí. Gáàsì tí ìyàwó Lemọ́mù fi ń dáná, ìta ló ń gbé e sí nítorí ẹ̀rù, ìwọ wá fẹ́ gbé e sẹ́yìn bọ́ọ̀sì pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ata àti tòmátì. Kí o tó dé Gbàgádà, ọbẹ̀ á ti jinná, ta ló sì máa rà á lọ́wọ́ rẹ láìsí ẹran nínú rẹ̀?

Èmi náà ti bá ẹ ronú. Mo ní bí wọ́n bá ń rọ epo sí i, kí o máa mi ọkọ̀ náà jìgìjìgì, bí a ṣe ń mi kóńgò gàárì kó lè gbà sí i. Fàsásì, tó ṣe kọ̀ndọ́ fún bàbá rẹ títí àwọn méjèèjì fi hewú, ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀rọ ló ń wọn epo, kì í ṣe kóńgò. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n kí ló máa ṣe ẹ́ tí o bá mì ín díẹ̀.

Fàsásì yìí náà ló wá pè mí lọ́jọ́ Mọ́ńdè pé o fi fídíò ránṣẹ́ sórí fóònù òun, kí n wá wò ó kí n lè mọ̀ pé o ò parọ́ epo mọ́ ọkọ̀. Mo wò ó, mo rí mẹkáníìkì rẹ ní Kétu, Sherifdeen. Mo kí i. Kò dáhùn. Mo tún kí i, mo béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀, ó kàn ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Ó bí mi nínú, mo ní ṣé bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ ní Kétu nìyẹn. Fàsásì ní kò gbọ́ mi, pé ọ̀rọ̀ àná ló ń sọ. Nígbà tí ohun tó ń sọ ò yé mi, Fàsásì tẹ nǹkan kan, ọmọ náà sì tún bẹ̀rẹ̀ látòkè, ọ̀rọ̀ kan náà, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀, kò sì fajú ro. Bẹ́ẹ̀ ló ń tún un sọ títí ó fi yé mi. Mo ti dárí jì í. Ìkíni nìkan ni ò mọ̀, ọmọ tó ní sùúrù ni.

Ó ní táyà rẹ rọ̀ jù, kí o máa yà lọ́dọ̀ fọkanáísà kó máa fẹ́ ẹ. Ó ní ohun tí ọkọ̀ fi ń sẹ́ atẹ́gùn ti kún fún eruku. Mo ní ìyẹn ò le, kí Labeebah fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́ bó ṣe ń fọ asẹ́ ògì, Fàsásì ní pépà ni, bó bá fi omi kàn án ó bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà kó má fọ̀ ọ́ o, gbọn eruku rẹ̀ nù ní tìrẹ títí o fi máa rówó ra òmíràn. Iná kékeré aláwọ̀ ìyeyè tó máa ń tàn lójú ìwakọ̀, èyí tí mo yìn ẹ́ fún nígbà Iléyá pé o ṣe dáadáa tí o ra àtùpà sínú ọkọ̀, àṣé ẹ́ńjìnnì ló ń sunkún. Sherifdeen ní plọ́ọ̀gì ló ti gbó, àti pé kò wọ́n púpọ̀.

Ìgbà tó ṣí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni ọ̀rọ̀ wá yí padà. Ó na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ó bi ẹ́ pé àpò kí ni gbogbo èyí, tó wúwo tó èrò mẹ́ta tí ò sanwó ọkọ̀. Mo wá gbọ́ ohùn tìrẹ, o ní ti bàbá rẹ ni, pé ìyá rẹ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Inú mi dùn, mo ní ọmọ mi gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n Fàsásì dá fídíò dúró, ó yíjú sí mi, ó ní àpò wo.

Mo ṣàlàyé fún un bí ìwọ náà ṣe mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ máa fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹ lọ́wọ́, nínú òjò ọdún yẹn, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i tó ń gbé àwọn àpò yẹn wọ bọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ètè rẹ̀ ń mì. Mo ní àdúrà ló ń ṣe sí i, mi ò sì fẹ́ dá a lẹ́nu. Nígbà tó ṣe tán, ó ní kí ẹnikẹ́ni má kó wọn kúrò. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, Ọlọ́run ti pè é. Ta ni kí n wá bi? Mo gbà pé ìwúre ló dì síbẹ̀ fún ẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o má tú u, kí o má gbé apẹ̀rẹ̀ ata síbẹ̀, kí Aliyah má fẹsẹ̀ kàn án, tí mo sì máa ń wọ́n omi sámsámù tí wọ́n mú wá láti Mẹ́kà sí i ní gbogbo Iléyá.

Fàsásì kọ́kọ́ wò mí. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ikọ́. Ó ní yanrìn odò ni, òun àti bàbá rẹ ló jọ wà á. Ó ní lójú ọ̀nà wa yìí, bí òjò bá ti rọ̀, bọ́ọ̀sì tí kò bá ní ẹrù lẹ́yìn á máa jó lórí ẹrẹ̀ ni, á sì yọ̀ wọ kòtò, bó ṣe ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé ìyàwó Lemọ́mù bọ̀ wálé ọkọ. Ó ní gbogbo awakọ̀ ọ̀nà oko ló ń kó yanrìn sẹ́yìn ọkọ̀ nígbà òjò, bí ilẹ̀ bá gbẹ wọ́n á dà á nù, ká ní Ṣàràfá wà láyé ni, fúnra rẹ̀ ni ì bá sọ fún ẹ pé kí o dà á nù. Mo ní ètè rẹ̀ tó ń mì ńkọ́. Ó ní ìbàdí ló ń dùn ún, ìbàdí rẹ̀ ló ń ṣépè fún.

Àlàó, mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Mo padà sílé, mo sunkún. Mo ní àdúrà ọkọ mi ló kù sí mi lọ́wọ́, àṣé yanrìn ni. Mo tún ro gbogbo epo tí o ti fi gbé yanrìn láti Mile 12 dé Gbàgádà, àti apẹ̀rẹ̀ ata tí kò ráyè jókòó, nítorí pé o ò fẹ́ ṣe ohun tí mo ní kí o má ṣe. Ó dùn mí gan-an.

Nígbà tí mo dìde láti ṣe àlùwàlá ni ó tó yé mi. Bàbá rẹ nígbà yẹn, ìbàdí ò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, orí àga ló ti ń kírun. Ọkùnrin yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ létí odò, tó wa yanrìn, tó gbé e, kí ọmọ rẹ̀ má bàa yọ̀ wọ kòtò. Kí ni mo tún ń wá tí mo fẹ́ máa pè ní àdúrà?

Nítorí náà, kó wọn kúrò. Èmi tí mo ní kí o má kó o náà ni mo ní kí o kó o. Fẹ́ táyà, ra plọ́ọ̀gì, máa pa ẹ́ńjìnnì bí o bá ń dúró de àwọn ìyá ọlọ́jà kí wọ́n ná ọjà tán, Fàsásì sì ní kí o má máa tẹ iná mọ́ ọn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kó ata sí ibi tí yanrìn wà, ó ní ata á sanwó ibi tó jókòó sí. Wà á bẹ́ẹ̀ títí oṣù tuntun yóò fi lé. Bí epo rẹ̀ ò bá dínkù, tà á, mi ò ní bínú sí ẹ, mi ò sì ní jẹ́ kí o mọ̀ bí mi ò bá jẹun.

Ṣùgbọ́n owó epo tí yanrìn ń mu tẹ́lẹ̀, o ò ní ná an mọ́, nítorí náà máa fi ránṣẹ́ sí èmi. Mo fẹ́ fi ra òògùn ìpara fún orúnkún tó kù, kí n sì fún Fàsásì nínú rẹ̀, ó ní fídíò náà jẹ dátà òun tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo wà níbẹ̀, mi ò rí i kó jẹ nǹkan kan. Má fi rán obìnrin tó ń ṣe POS mọ́. Èyí tí o fi ránṣẹ́ kọjá, owó tó ya ló kà fún mi, mo sì mọ̀ pé ọmọ mi ò lè fi owó tó ya ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ó ti pààrọ̀ rẹ̀ ni. Mo bi í, ó ń rẹ́rìn-ín.

Má da yanrìn náà nù o. Nígbà tí mo wá sọ́dọ̀ yín, mo rí i bí àgbàrá ṣe gba ẹnu ọ̀nà wọlé dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, tí Labeebah gbé ọmọ sórí tábìlì. Kó àwọn àpò náà bí wọ́n ṣe wà, tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà yín, dì wọ́n pọ̀ kí omi má rí àyè gbà. Kí Aliyah máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù ú, bàbá bàbá rẹ̀ ló ni ín.

Kí Ọlọ́run bù sí èrè rẹ, kó má jẹ́ kí omi wọlé bá yín. Láràárọ̀ tí o bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́, orí ohun tí bàbá rẹ gbé pẹ̀lú ìbàdí dídùn ni ẹsẹ̀ rẹ á kọ́kọ́ tẹ̀, o ò sì ní yọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Màríyámọ̀.