Ta Ló Ni Fíìmù Jímọ̀?

Ẹ kú ilé o, Bàbá Sídí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ọyẹ́. Mo kí ìyàwó yín, mo kí gbogbo agbo ilé. Kí Sídí ka ìwé yìí sókè lójúde. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ yàrá.

Ara mi le. Ẹ̀pà ni mo ṣì ń bó ní ọjà Ipata, ọyẹ́ sì ti la gbogbo ìka mi. Èrò pọ̀ ní Ìlọrin, àmọ́ ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ kò pọ̀.

Mo ń gba Ọjà-Ọba kọjá ni mo gbọ́ ohùn Jímọ̀. Jímọ̀ àbúrò wa tí a sin. Nínú tẹlifíṣọ̀n ni, ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Fíìmù tí Jímọ̀ ta mọ́tò rẹ̀ ṣe ló ń dà kọ tó ń tà. Mo ní ta ló fún un láṣẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá, ẹ jókòó kí ẹ wò ó lọ́fẹ̀ẹ́, òkú wo ló ń ná owó? Ó ní fíìmù àtijọ́ ni, ẹni tó ṣe é ti kú, ó ti di ti gbogbo ayé.

Èmi àti Ràmátù, opó Jímọ̀, lọ bá lọ́yà. Ó ní ikú kò pa ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe fíìmù, ó ti di ti àwọn ọmọ Jímọ̀. Ó ní àádọ́ta ọdún ni òfin fún fíìmù, láti ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. Ọdún wo ni? Ràmátù ò mọ̀, Jímọ̀ kò tíì fẹ́ ẹ nígbà náà. Èmi mọ̀. Èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mo ń gbowó ìwòran. Náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn kan ṣì ń kó ṣílè wá bá mi. Lọ́yà ní ó ku ọdún púpọ̀ kó tó tán.

Ìgbà tí ọkùnrin náà gbọ́ èyí ló yí ohùn padà. Ó ní Jímọ̀ tà á fún òun kó tó kú, lójú yín, àti pé ẹ ó wá búra ní kóòtù.

Ẹ̀gbọ́n mi, Ràmátù wà nílé lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà wá gbé fíìmù náà lọ. Nígbà tí Áfáà pín ogún Jímọ̀, ó pín ilẹ̀, ó pín àgùntàn, ó pín jẹnẹrétọ̀. Ẹnikẹ́ni ò ka àpótí fíìmù sí ogún. Nítorí pé a ò pín in, ẹ rò pé kò sí ẹni tó ni ín, ẹ ní kí ọkùnrin náà gbé e kúrò kí ẹ lè rí ibi kó àgbàdo sí. Jímọ̀ ti kú nígbà yẹn. Kò tà á fún ẹnikẹ́ni.

Mi ò mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ṣèlérí fún yín. Ẹ má sọ ọ́ fún mi. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni kóòtù. Bí ẹ bá wá sọ òtítọ́, yàrá mi ni ẹ ó sùn. Bí ẹ bá wá búra irọ́, èmi ni màá dìde lójú adájọ́ tí màá ní ẹ̀gbọ́n mi ń purọ́. Àwọn ọmọ Jímọ̀ á jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa wò yín.

Kí Ọlọ́hun dá ẹ̀mí yín sí, kó sì tún ọkàn yín ṣe. Mo kí tàgbà tèwe.

Èmi ni ọmọ ìyá yín, ọmọ ìyá Jímọ̀.