Ohun Tó Wà Lábẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì Àlhájà

Ọjọ́ Àìkú, 3 Oṣù Kẹjọ

Catford lónìí, níbi ìpàdé àwọn tó ní mọ́tò àtijọ́ ní London. Ibi ìgbọ́kọ̀sí kan náà, ètò kan náà — Ford lápá òsì, Chevrolet lápá ọ̀tún, àlàfo láàárín. Èèyàn lè sọdá lọ mu tíì lọ́dọ̀ wọn. Mọ́tò ò gbọdọ̀ sọdá. Láti kékeré ni mo ti ń bá Daddy wá, mi ò tíì rí ẹni tó dán an wò.

Daddy gbé Àlhájà síwájú pátápátá. Àlhájà ni Ford Galaxie wa, ti 1964, funfun, ó gùn bí ọkọ̀ ojú omi. Daddy ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn torí ó wọ funfun, ó sì la òkun kọjá kó tó dé Peckham. Gbogbo àwọn yòókù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ayé wá wo ẹ́ńjìnnì wọn. Tiwa nìkan ló wà ní títì pa. "Àlhájà kì í ṣí ara sílẹ̀ fún ọkùnrin," ni Daddy máa ń wí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbà.

Jonathan, òyìnbó arúgbó tó jẹ́ olórí àwọn Chevrolet, pariwo láti òdìkejì pé ṣé àwọn Ford ti gbàyè lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ni. Uncle Ajíbádé, alága tiwa, ní mọ́tò tí wọ́n fi ń kó ewúrẹ́ kì í sọ̀rọ̀ níbi tí mọ́tò èèyàn bá wà. Irùngbọ̀n Uncle Ajíbádé ń mì bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Irùngbọ̀n ni mò ń pè wọ́n nínú ìwé yìí.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Odindi àárọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 4

Ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má bàa ya wèrè. Bọ̀dá Roqeeb (inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè pè é ní Roqeeb lásán) ra Chevrolet lọ́dún tó kọjá. Camaro, pupa. Daddy ní kó gbé e kúrò níwájú ilé àwọn. Ó gbé e. Ó gbé ara rẹ̀ náà lọ. Deptford ló wà báyìí.

Nílé àwọn ẹlòmíràn, ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n. Nílé tiwa, ọmọ Ford ni wá. Lọ́rì Ford ni Bàbá Àgbà wà ní Ìsẹ́yìn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Daddy ní ẹni tó bá kọ Ford, bàbá òun ló kọ̀.

Wọ́n fẹ́ so yìgì Roqeeb àti Sherifat ní Sátidé, 23. Roqeeb ní Camaro lòun máa fi gbé ìyàwó òun. Daddy ní bí Chevrolet bá dúró lẹ́nu mọ́ṣáláṣí, àwọn ò ní yọjú. Àwọn ará ilé Sherifat ní bí bàbá ọkọ ò bá jókòó, kò sí yìgì.

Mummy ń sunkún ní kíṣìnì. Wọ́n ní àlùbọ́sà ni. Kò sí àlùbọ́sà nílé.

Ọjọ́rú, 6

Òjò. Mo kórìíra gbogbo èèyàn.

Ọjọ́ Jímọ̀, 8

Irùngbọ̀n wá kí Daddy lẹ́yìn ìrun. Wọ́n ní bí Roqeeb bá fi Camaro sílé, gbogbo Ford Catford ló máa tò tẹ̀lé ọkọ ìyàwó, kò ní sí irú ẹ̀ rí. Bí kò bá sì gbà, kí Daddy má ṣe rọ̀ o. "Bí ìwọ Làtíìfù bá rọ̀, ta ló máa wá dúró?" Daddy ń mi orí bíi lèmọ́ọ̀mù.

Mummy gbé tíì wọlé. Wọ́n gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n ní, "Alága, ṣé Ford ló máa bí ọmọ-ọmọ fún mi ni?"

Irùngbọ̀n mu tíì náà láìfi ṣúgà sí i. Mo sá wọ yàrá lọ fi ìrọ̀rí bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 11

 Bí mo ṣe ṣe é nìyí.

Daddy wà lẹ́nu shift, bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wà. Mo mú kọ́kọ́rọ́ nínú ovaróòlù wọn, mo lọ sábẹ́ afárá reluwé ní Nunhead níbi tí Àlhájà ń sùn. Mo rò pé — mo kàn rò pé bí mo bá fọ ẹ́ńjìnnì náà kó máa dán bí ti àwọn yòókù, inú wọn á yọ́, mo lè wá bẹ̀ wọ́n nítorí Roqeeb. Ọgbọ́n ọmọdé. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Daddy fúnra wọn ló kọ́ mi. Bí o bá fẹ́ mọ ẹ́ńjìnnì Ford yàtọ̀ sí ti Chevrolet, wo ibi tí dísítíríbútọ̀ wà, ohun tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì. Ford gbé tirẹ̀ síwájú. Chevrolet fi tirẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, lábẹ́ gíláàsì awakọ̀. Wọ́n á ní, "Ọmọ Ford kì í fi nǹkan pamọ́."

Mo wo iwájú. Kò sí níbẹ̀.

Mo wo ẹ̀yìn.

Ẹ́ńjìnnì Chevrolet ló wà nínú Àlhájà. Mo pa á dé. Mi ò fọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Lónìí mi ò ní pè wọ́n ní Daddy. Ọ̀gá Ford. Ọ̀gá Ford jókòó, ó ń jẹ ẹ̀bà, ó ń sọ fún Mummy pé ọmọ tó bá yà kúrò lójú ọ̀nà bàbá rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í dáa. Òkèlè há mi lọ́fun. Ó ní kí n mu omi. Ó gbá mi lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyẹn ló wá burú jù.

Ọjọ́bọ̀, 14

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ Deptford. Roqeeb wà lábẹ́ Camaro, ẹsẹ̀ nìkan ni mo rí. Ẹsẹ̀ náà ni mo sọ ọ́ fún. Mo ní ẹ́ńjìnnì Chevrolet ló wà nínú Àlhájà. Ẹsẹ̀ ò mira. Ó wá yọ jáde, epo lójú, ó ní, "Ta ló ṣí i?"

Kò ní irọ́ ni. Ta ló ṣí i.

Ó mọ̀. Òun àti Daddy ló jọ gbé e wọlé nígbà tí mo ṣì wà ní ilé-ìwé kékeré. Òtútù ló pa ẹ́ńjìnnì Ford yẹn, omi dì nínú rẹ̀, irin là. Wọn ò rí ẹ́ńjìnnì Ford mìíràn. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn Ford Catford fẹ́ kí Daddy máa ṣíwájú ìlà. Chevrolet kan tó forí gbá ògiri wà nílẹ̀, wọ́n yọ tirẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ ni, Daddy wí. Orí ẹ́ńjìnnì yẹn ni Roqeeb ti kọ́ iṣẹ́. Ó ní, "Daddy ló fi mí mọ Chevrolet, Nusay. Èmi kọ́ ni mo wá a lọ."

Mo bínú. Mo ní, ẹ jẹ́ kí wọ́n lé yín jáde nílé, ẹ ò sì lanu? Gbólóhùn kan péré, ẹ ò bá ti bọ́! Ó nu ọwọ́. Ó ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Mo ní òwe ò lè so yìgì. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo ní kó fi Camaro sílé nígbà yẹn, kí gbogbo ẹ̀ parí. Ó ní rárá. Òun lè dákẹ́ fún Daddy. Òun ò lè bá wọn parọ́.

Ojú rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́ — ojú Daddy gẹ́lẹ́. Ó ní bí mo bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Catford, kí n má wá sí yìgì òun.

Ọjọ́ Àìkú, 17

A ò lọ Catford. Daddy ní àwọn fẹ́ fọ Àlhájà kó dán fún Sátidé, bóyá Ọlọ́run á fọwọ́ tọ́ ọkàn Roqeeb. Mo tẹ̀lé wọn lọ sábẹ́ afárá. Mo ti pinnu láti dákẹ́, wallahi.

Wọ́n ń nu gíláàsì, wọ́n ń ka bí ìlà ṣe máa rí. Àlhájà ló máa ṣíwájú, Ford Mustang Irùngbọ̀n á tẹ̀ lé e. Gbogbo ẹ̀, bí Roqeeb bá lè ṣe bí ọmọ gidi. Ẹnu mi kàn ṣí. Mo ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni dísítíríbútọ̀ Àlhájà wà?"

Àkísà dúró lórí gíláàsì. Reluwé kọjá lókè, gbogbo irinṣẹ́ gbọ̀n. Wọn ò pariwo. Ó sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n jókòó sórí táyà. Wọ́n ní, "Ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ló wà."

Wọ́n bi mí bóyá Roqeeb ló tú àṣírí. Mo ní ojú mi ni. Mo ní Roqeeb fi ẹnu ẹ̀ bò yín láṣìírí, ẹ̀yin lẹ lé e. Mi ò bá Daddy sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń retí ìgbátí.

Wọ́n ní kì í ṣe orúkọ Chevrolet ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ohùn ẹ̀ ni. Ọjọ́ tí Roqeeb kọ́kọ́ tan Camaro níwájú ilé wa, ó dà bíi pé Àlhájà ló ń sọ̀rọ̀. Bí méjèèjì bá dúró pọ̀, ẹni tó bá ní etí á gbọ́, gbogbo Catford ló sì ní etí. Wọ́n wá dárúkọ Hamid. Mo rántí Uncle Hamid. Wọ́n fi ẹ́ńjìnnì Chevrolet sínú Ford wọn, Daddy fúnra wọn ló ní kí wọ́n sọdá sápá ọ̀tún, níṣojú gbogbo èèyàn. Uncle Hamid ò sọdá. Wọ́n gba ilé lọ, wọn ò wá mọ́.

"Àlhájà ló sì wà níwájú lọ́jọ́ yẹn," Daddy wí.

Mo ní kí lẹ máa wá ṣe? Wọ́n ní kí n lọ sílé.

Ọjọ́bọ̀, 21

Èsì ìdánwò jáde. Maths, mo yege. English, mo máa tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, 22

Daddy ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àfi "gbé iyọ̀ wá". Irùngbọ̀n pè, Daddy jẹ́ kí fóònù dún tán. Mummy lọ agbádá Daddy, wọ́n fi kọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn, Daddy ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí ẹni tí kò rí i.  Bí Daddy ò bá yọjú lọ́la, èmi ni mo bà á jẹ́. Èmi àti ẹnu mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23

Mo jí, Daddy ti jáde. Agbádá náà ò sí lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Mọ́ṣáláṣí. Camaro wà lẹ́nu ọ̀nà, pupa bí ata. Sherifat wà nínú ẹ̀, kò tíì sọ̀kalẹ̀. Àwọn Ford náà dé — Irùngbọ̀n kó wọn wá, wọ́n tò sí òdìkejì títì bí ẹni tó ń retí àṣẹ. Àbúrò bàbá Sherifat ń wo aago. Wọ́n ní, "Ìyá ọkọ, ṣé bàbá ń bọ̀ ni àbí wọn ò bọ̀?" Mummy ní wọ́n ń bọ̀. Kò pẹ́, wọ́n tún bi Mummy. Wọ́n ń bọ̀. Ohùn Mummy ti ń tín-ín-rín. Roqeeb ń wo ilẹ̀.

A gbọ́ ọ ká tó rí i. Roqeeb gbórí sókè.

Àlhájà yọ ní ìkóríta. Kò ní bọ́nẹ́ẹ̀tì. Daddy ti tú u dànù pátápátá. Ẹ́ńjìnnì wà ní gbangba nínú oòrùn, àwọn ọmọdé ń nàka sí i, Daddy jókòó sídìí ọkọ̀ nínú agbádá funfun, wọn ò wo ọ̀tún, wọn ò wo òsì. Wọ́n wà á kọjá níwájú gbogbo Ford, díẹ̀díẹ̀, kí olúkúlùkù lè rí ibi tí dísítíríbútọ̀ wà. Wọ́n yí i, wọ́n wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Camaro. Wọn ò pa ẹ́ńjìnnì.

Roqeeb na ọwọ́ wọnú Camaro, ó tan òun náà. Ohùn kan ṣoṣo. I swear, wíńdò mọ́ṣáláṣí ń gbọ̀n.

Irùngbọ̀n sọdá. Wọ́n wo inú Àlhájà, wọ́n wò ó, wọ́n wò ó. "Làtíìfù. Látìgbà wo?"

Daddy ní, "Látìgbà tí mo ti ń ṣíwájú yín. Mo ti lọ bẹ Hamid láàárọ̀ yìí. Ìwọ ló kù."

 Irùngbọ̀n padà sínú Mustang wọn, wọ́n lọ. Àwọn kan tẹ̀ lé wọn. Àwọn kan jókòó sínú mọ́tò wọn, wọn ò mọ èyí tí wọn ì bá ṣe.

Roqeeb dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí títì pẹ̀lú aṣọ funfun. Mo ń retí ọ̀rọ̀ ńlá látẹnu Daddy. Wọ́n ní, "Dìde. Àlhájà ń gbọ̀n bó bá dúró. Gbọ́ ọ." Roqeeb gbọ́ ọ. Ó ká apá aṣọ ẹ̀ sókè. Daddy náà bẹ̀rẹ̀ tì í.

Ẹnìkan jáde wá sọ pé lèmọ́ọ̀mù ti jókòó. Sherifat sọ gíláàsì kalẹ̀, ó ní, "Roqeeb! Ṣé èmi lo fẹ́ fẹ́ ni àbí ẹ́ńjìnnì?" Mummy ń sunkún, ń rẹ́rìn-ín, ń pariwo pé ẹ máa bọ̀ o, ẹ máa bọ̀. Àwọn méjèèjì ní ká ṣe sùúrù díẹ̀. Wọn ò gbórí sókè.

Mo lọ dúró tì wọ́n. Mo di apá agbádá Daddy mú kí fáànù ẹ́ńjìnnì má bàa fà á.