Ẹja Inú Òkúta àti Ilé Màmá

                                        Ilé tó kọjú sí ibi ìfọ́kúta,
                                        Òpópónà Etí Odò.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ìparí oṣù òjò.

Àbúrò mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé o ń rí oorun sùn nínú ọkọ̀ ojú omi yẹn, àbí ìgbì ṣì ń gbé ọ síwá sẹ́yìn bí ọmọ tuntun tí wọ́n ń rẹ̀ lẹ́kún? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹ máa ń ráyè bára yín sọ̀rọ̀? Ara àwa náà dá níbí. Màmá ní kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ pé eyín tó ń dun òun ti fi òun lọ́rùn sílẹ̀, torí ó mọ̀ pé ohun tí o máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ o. Ilé wa ti ìsàlẹ̀ òkè ò sí mọ́. Má fò sókè, fara balẹ̀ kà á. Kò sẹ́ni tó fara pa.

O mọ iṣẹ́ mi, òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ pálọ̀ ni mo ṣì ń là. Ṣe ni wọ́n tò léra bí ewé ìwé. Tí o bá ki irin sí àárín ìpele méjì, tí o rọra fi òòlù kàn án, á ṣí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ìrì ṣì bo gbogbo nǹkan, mo la ọ̀kan, ẹja ni mo bá nínú rẹ̀. Odidi ẹja! Egungun rẹ̀ tò bí eyín òòyà, ìrù rẹ̀ yí díẹ̀ bí ẹni pé ó ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ lọ. Mo gbé òòlù sílẹ̀. Ó ṣe mí bíi pé mo ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn yàrá ẹni tó ń sùn.

Dókítà Òkúta wá kúnlẹ̀ tì mí. Obìnrin onímọ̀ nípa ilẹ̀ tó ń bá iléeṣẹ́ wa yẹ òkè wò ni. Àwa òṣìṣẹ́ la sọ ọ́ lórúkọ yẹn, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Ó ní adágún omi ńlá ló wà níbí nígbà kan. Odò ń kó yanrìn àti ẹrẹ̀ bọ̀ láti òkè ọ̀nà jíjìn. Tó bá ti dé inú adágún, agbára rẹ̀ á rọ̀, á sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, èyí tó wúwo á kọ́kọ́ rì, ẹrẹ̀ kíkúnná á tẹ̀ lé e. Ẹja yìí kú, ó rì, ẹrẹ̀ sì bò ó kí nǹkan kan tó jẹ ẹ́. Ìpele ń gun ìpele, ti òkè ń tẹ ti ìsàlẹ̀ títí omi fi fún jáde, ohun tí omi sì fi sílẹ̀ láàárín yanrìn lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bíi sìmẹ́ńtì. Ẹran ara ẹja jẹrà, egungun rẹ̀ rọra di òkúta. Ilẹ̀ wá ń ga sókè díẹ̀díẹ̀, ìsàlẹ̀ omi sì di òkè.

Mo ní, “Ọdún mélòó nìyẹn?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á báyìí, àwa náà á ti di òkúta kí a tó parí.”

Ibẹ̀ ló ti gbójú sókè rí ilé wa. Ó bi mí pé ta ló ń gbé ibẹ̀. Mo ní ìyá mi ni. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó mú mi lọ sẹ́yìn kíṣìnì, ó fi hàn mí pé òkúta líle ló wà lókè, ṣùgbọ́n amọ̀ tó gan ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ń rún lọ́wọ́ bíi bisikíìtì. Òjò ń jẹ ìsàlẹ̀ yẹn lọ lọ́dọọdún, òkúta òkè sì yọrí síta láìsí ohun tó gbé e ró.

Ó ní, “Bí òkè ṣe ń di ògiri nìyẹn. Ti ìsàlẹ̀ á jẹ tán, ti òkè á já. Ẹ gbé Màmá kúrò níbí.”

Ìwọ náà mọ ìyá wa. Ó ní, “Bàbá yín ló kọ́ ilé yìí. Òkè yẹn ti wà kí wọ́n tó bí mi, kò sì tíì ránṣẹ́ sí mi pé òun ń bọ̀.” Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní tó bá rẹ̀ mí kí n máa lọ sílé mi. Láti ọjọ́ yẹn, tí òjò bá ti ṣú, ọkàn mi kì í sí lára iṣẹ́ mọ́.

Ìgbà tó sú mi ni mo fi gèlè wé ẹja náà, mo gbé e lé Màmá lẹ́sẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ìka ló fi ń wò ó.

“Ta ló gbẹ́ ẹ?”

“Kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ, Màmá. Ẹja gidi ni.” Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ìka rẹ̀ rìn kọjá ìrù ẹja. “Èyí tó ń ga tó ń lọ sílẹ̀ yìí ńkọ́?”

“Ipa ìgbì ni. Omi ló yà á sórí yanrìn, yanrìn náà sì le kó tó parẹ́.”

“Ìyẹn ni pé ibi tí mo jókòó sí yìí, omi ni?”

“Omi ni, Màmá. Ó sì jìn.”

“Ó wá lọ síbo?”

“Ó kó lọ ni.”

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré kan báyìí. “Omi tó tóbi tó yẹn kó lọ, èmi wá jókòó pé mi ò ní kó.” Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo bá a tó ti ń di ẹrù láti kó wá sọ́dọ̀ mi.

Kò pẹ́ sígbà náà tí òkè wó lọ́sàn-án gangan, tí òjò ti dá, tí oòrùn ń ràn. Ó dún bí ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá da òkúta sílẹ̀, eruku wá dìde, ó ń fò lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bíi kùrukùru. Kíṣìnì, pálọ̀, yàrá Bàbá, òkúta bo gbogbo rẹ̀. Màmá ní kí n mú òun lọ síbẹ̀. Dókítà Òkúta bá wa lọ. Ó sunkún díẹ̀, Màmá ni mo ń wí o, ó wá nu ojú, ó bi Dókítà pé, “Àwọn ìkòkò mi tó kù síbẹ̀, àga bàbá wọn, ṣé àwọn náà á di òkúta?”

Dókítà ò purọ́ fún un. “Tí ilẹ̀ bá fi wọ́n sílẹ̀ jẹ́ẹ́, Màmá, ipa wọn lè kù síbẹ̀.”

Màmá wá mi orí. Ó ní, “Kí ẹni tó bá la ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú ṣáà rọra là á.”

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ẹni tí ẹ jọ wà nínú ọkọ̀. Tí o bá dé, ọ̀dọ̀ mi ni kó o yà sí. Màmá ti yan igun tí wàá máa sùn sí.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọ,

Àǹtí Olóòlù.